Ohùn Màámi Kì í Bá Ìlù Dé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ohùn màámi máa ń pẹ́ lẹ́yìn ìlù. Gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ọ ló mọ̀. Mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀.

Màámi ló ń dá orin fún àwọn obìnrin àsàlátù ní Jakande wa níbí. Tí wọ́n bá pe ìlà kan, wọ́n á dúró kí gbogbo èèyàn gbè é tán, títí kan ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn, tí ohùn tiwọn máa ń wọlé nígbà tí ti àwọn yòókù bá ti parí. Màámi kì í pe ìlà tó kàn àfi tí ìyá yẹn bá ṣe tán. Ó ti mọ́ wọn lára. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tó ní sítúdíò kékeré ní Àgọ́ Palace ní kí wọ́n wá kọ orin kan lé ìlù tóun fi kọ̀ǹpútà ṣe, kò sí ẹni tó ń gbè níbẹ̀. Síbẹ̀ màámi ń dúró. Ìlù ẹ̀rọ kì í sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe, ilé-ìwé ò gbé mi jìnnà. Tí mo bá ti délé, géèmù kan ló wà lórí fóònù mi: àwọn àmì kéékèèké á máa já bọ́ látòkè, bí àmì bá ṣe kan ìlà ìsàlẹ̀ báyìí, wàá tẹ̀ ẹ́, kó bá orin mu. Ẹnikẹ́ni lè mú orin tó wù ú, kó to àmì sí i, káwọn yòókù gbá a. Àwa tá a máa ń to àmì ní gúrúùpù kan. Ọ̀gá gúrúùpù, ọmọ yunifásítì tí mi ò fojú kàn rí, ló ń ṣa èyí tó dáa jọ fún gbogbo ayé. Mo fẹ́ kí orin màámi wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ.

Kí wọ́n lè gbà á kíá, mo gé ohùn màámi wẹ́wẹ́, mo fà á síwájú títí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fi jókòó sórí ìlù. Ó ṣe rẹ́gí. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mò ń gbá a. Wọ́n tẹ́tí sí i títí.

"Obìnrin yìí mọ orin mi o," wọ́n ní. "Ta ni?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó ń kánjú, bí ẹni tí kò ní èèyàn lẹ́yìn. Wọ́n ń bá ẹ̀wà ṣíṣà wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi.

Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mo dá ohùn wọn padà síbi tó wà, mo wá fi etí to àmì. Ó le. Tí màámi bá fẹ́ sọ pé "mo dúpẹ́", wọ́n á kọ́kọ́ kùn nínú imú kí ẹnu tó là. Tó o bá fi àmì síbi kíkùn yẹn, ó ti yá jù. Tó o bá dúró de "dú", ọkọ̀ ti lọ. Ibi tí ẹnu ti là gan-an ni. Mo dín ìyára orin kù, mo dijú, mo ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de ìyá àgbà, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀. Kí ẹni tó ń gbá a náà dúró.

Ọ̀gá gúrúùpù dá a padà. Ó ní àmì mi ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, pé orí ìlù ni àmì ń gbé. Ẹnì kan béèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń da màámi láàmú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo rántí ilé kan tá a ṣe ní Oke-Afa, tí ògiri ẹ̀ ò tọ́ níbì kankan, mo fi ohùn ránṣẹ́.

"Ọ̀gá, táìlì ni mò ń tẹ́. Ògiri tó bá wọ́, a kì í wó o nítorí táìlì. Táìlì la máa ń gé."

"Ìlù ni ògiri, bọ̀dá," ó ní. "Ohùn ni táìlì."

"Nílé tìẹ nìyẹn. Nílé tiwa, ohùn ni ògiri."

Ó ní kí n gbé e sórí ìlù, àbí kóun yọ ọ́. Mo ní kó yọ ọ́. Ó sì yọ ọ́ lóòótọ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mi ò sún àmì kan ṣoṣo. Mo gbé e síta fúnra mi. Àwọn tó ń gbá a ò pọ̀.

Mo wá jẹ́wọ́ fún màámi pé àwọn náà ni obìnrin ọjọ́sí. Wọ́n wò mí. "Ìwọ lo sọ mí di oníwàdùwàdù," wọ́n ní. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n gbá èyí tí mo tún ṣe. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, àmì sì ń já kọjá wọn. Wọ́n ń pẹ́ ju ohùn ara wọn lọ.

"Ẹni tó to eléyìí náà ń kánjú. Tún un ṣe."

"Màámi, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ ọ́."

"Nígbà yẹn nìyẹn. Ìyá àgbà ẹ̀yìn yẹn ti ń pẹ́ sí i, mo sì ń dúró dè wọ́n."

Mo ní mi ò ní tún un ṣe. Ohùn ọjọ́ yẹn ni, ibi tó wà ló máa wà. Tí wọ́n bá fẹ́ tòní, ká jọ padà sí Àgọ́ Palace, kí ìyá àgbà náà bá wa lọ. Wọ́n pòṣé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí fóònù.