Igba Orúkọ, Igba Ebè

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni Habeebah ní l'Áyétòrò, ibẹ̀ ló ti ń bá èèyàn tẹ ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí Bàbá Ọdẹkúnlé, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́, gbé àpò ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wá, ó ní, "Ọmọ mi, kọ́kọ́ tẹ igba nínú ẹ̀ kí n rí i. A ò ní jà lórí owó." Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni, ojú sì ti Habeebah láti bèèrè iye. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Iná ò yọjú. Jẹnẹrétọ̀ ló fi tẹ gbogbo ẹ̀, àwọn orúkọ mìíràn nínú ìwé náà sì rí bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀.

Bàbá padà dé, ó wo iṣẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Náírà márùn-ún ni màá san lórí orúkọ kan. Igba àkọ́kọ́ yìí, èènì ni."

Èènì! Ẹ gbọ́ o! Ta ló ń gba èènì kó tó rajà? Inú bí Habeebah dé góńgó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ogójì ni mò ń tẹ̀ ní wákàtí kan, igba gba wákàtí márùn-ún. Epo tí mo rà sí i, ẹgbẹ̀ẹ́dógún náírà. Náírà márùn-ún yín, ẹgbẹ̀rún kan péré ni. Ṣé kí n máa sanwó kí n tó bá yín ṣiṣẹ́ ni? Ọgbọ̀n náírà ni orúkọ kan, ẹgbàáta náírà ni igba. Ìdajì fún epo, ìdajì fún ojú àti ìka mi."

"Ìka kẹ̀? Orí àga lo jókòó sí. Ṣé ebè lo kọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún ju ti owó lọ. Ebè ni Sàláúdéènì bàbá rẹ̀ ń bá olóko kọ n'Ímásàyí tó fi rán an lọ sílé-ìwé, igba igba ni wọ́n sì ń dá iye lé e. Bàbá Ọdẹkúnlé náà ń gba alágbàṣe. Kò jẹ́ sọ fún wọn pé èènì ni igba àkọ́kọ́, torí ó mọ ohun tí wọ́n á ṣe. Habeebah náà mọ̀ ọ́n. Ó wà lóko lọ́jọ́ tí ẹnìkan kọ̀ tí kò sanwó fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò bú u, ó kàn gbé ọkọ́ rẹ̀, ó tú gbogbo ebè náà palẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ máa san ẹgbàáta náà?"

"Lórí kí ni? Fi àwọn orúkọ náà ránṣẹ́ sí fóònù mi, jàre."

Habeebah fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó kó àwọn orúkọ náà pọ̀ láti òkè délẹ̀.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tú ebè mi palẹ̀ ni, Bàbá."

Ó tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, igba orúkọ pòórá. Ó wá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò ìwé fún bàbá, ó sì jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀.