Ọ̀gá tí Mo Fi Ẹnu Pa

Bí fáànù bẹ́líìtì bá balẹ̀ lẹ́yìn ènìyàn, ariwo rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, oró rẹ̀ á wá tẹ̀lé e bí ẹni tó ń bọ̀ wá gba nǹkan tó gbàgbé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì fi ń bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè ní Òṣòdì, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Sípánà sọnù, bẹ́líìtì. A gbé nọ́mbà mẹ́tàlá wá dípò mẹ́rìnlá, bẹ́líìtì. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lọ́wọ́, kò ní torí ìyẹn dáwọ́ dúró. A kàn máa ń rí ẹnu ara wa tó là sílẹ̀ ni, a kì í gbọ́ igbe. Lọ́jọ́ kan, ó fi irin ìtúdè táyà gbá mi lẹ́nu, eyín iwájú méjì bọ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó wà nílẹ̀. Mo tutọ́ ẹ̀jẹ̀, mo mú òòlù, mo fọ́ ọ lórúnkún, mo sì sá. Ó ku ọdún méjì péré kí n gba fírídọ̀mù.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, ọ̀gá rẹ yóò gbé ọwọ́ lé ọ lórí lójú gbogbo ẹgbẹ́, yóò súre fún ọ, yóò ní kí o lọ dá dúró. Bí o kò bá ní ìyẹn, bí o tilẹ̀ lè fi ojú dídì tú ẹ́ńjìnnì kí o sì tún un tò, o kò ní rí ibi so pátákó rẹ mọ́. Mo wá ń bá oníkálukú ṣiṣẹ́ kiri títí mo fi lé lógójì ọdún. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì nínú ọgbà kan ní Òkè-Àfà, mo ní mo fẹ́ gba àyè.

Alága wọn bi mí léèrè pé, "Ta ni ọ̀gá ẹ? Ta ló fún ẹ ní fírídọ̀mù?"

Mo dárúkọ ọ̀gá mi. Mo ti gbọ́ pé wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà, pé ó ti kó lọ sílé ní Ìsẹ́yìn. Mo ní ó fún mi ní fírídọ̀mù tọwọ́tẹsẹ̀, pé kò pẹ́ tó dé Ìsẹ́yìn ló kú, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo tilẹ̀ nu ojú. Wọ́n gbé òòlù fún mi kí n fẹnu kàn án, kí n fi irin búra, mo sì búra pé bí mo bá purọ́, kí irin jẹ mí. Àánú mi ṣe wọ́n débi pé ẹnì kan ra mínírà tútù fún mi. Mo mu ún tán, mo sì dá ìgò padà.

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà, àṣírí ọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò nínú ọgbà wa tú: kò gba fírídọ̀mù níbì kankan, ó sì ti fi irin búra. Àárín ọ̀sán gangan ni wọ́n dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orí irin ńlá, alága sì sọ òòlù kalẹ̀ lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kíní dún bí igi gbígbẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì kò dún mọ́. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí mo wà. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mú, èmi ni mo sì pariwo jù lọ: "Òpùrọ́! Ẹ jẹ́ kó gbóhùn irin!" Ẹni tó ní ìgbẹ́ lára kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ pé òórùn ń rùn.

Àsìkò yẹn náà ni mọ́tò tó ní kọ̀ǹpútà nínú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Iná á tàn níwájú awakọ̀, èmi á ṣí bọ́néẹ̀tì, á sì dà bíi pé mo ń wo ìwé Lárúbáwá. Àwọn oníbàárà mi ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ibùdó kan wà ní Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níṣẹ́ ìgbàlódé, mo sì forúkọ sílẹ̀. A tó ogún, gbogbo wa jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n, lórí àga tí wọ́n ṣe fún ọmọ ilé ìwé. Obìnrin Èkìtì kan tí kò tóbi ju ìgò gáàsì lọ ni olùkọ́ wa. Ó ní, "Kò sí ọ̀gá níbí o. Ọmọ ilé ìwé ni gbogbo yín. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ ọ̀gá, ẹnu ọ̀nà nìyẹn."

Ẹnu ọ̀nà náà ló nawọ́ sí tí ìlẹ̀kùn fi ṣí. Baba arúgbó kan tiro wọlé, ó di ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú. Òkú tí mo sin sí Ìsẹ́yìn ni. Àga kan ṣoṣo tó ṣófo, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà.

Ó jókòó, ó wò mí pẹ́. "Eyín ẹ dà?"

"Wọ́n ti yọ, sà."

"Ta ló yọ wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Hẹn-ẹn. Orúnkún mi náà ń kí ẹ."

Olùkọ́ ní bí a ṣe jókòó náà ni a ó máa ṣiṣẹ́ ní méjì méjì títí di ìdánwò. Báyìí ni èmi àti ọ̀gá mi ṣe di ẹnì kejì ara wa. Òun kò lè ka ohun tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ bá kọ; èmi ni mò ń kà á fún un. Èmi kò ní etí bíi tirẹ̀. Ó lè dúró sí ẹnu géètì kó sọ fún ọ pé púlọ́ọ̀gì kẹta ló ń ṣàìsàn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi í ṣẹ̀sín lójú gbogbo kíláàsì pé ó di ìwé mú sódì. Ó gbá mi létí. Mo fún un lọ́rùn, a sì jọ ṣubú lu tábìlì, sípánà fọ́n ká, ó ń fi orí kàn mí nímú, mò ń gbá a níkùn, ẹ̀jẹ̀ ń dà sórí ìwé àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Àfìgbà tí olùkọ́ da odindi korobá omi lé wa lórí.

"Ẹ̀yin àgbààyà méjì!" ló wí, ohùn Èkìtì ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọọmọ yín ò níí gbọ́ irú èyí! Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa lọ sílé."

Ṣùgbọ́n ìjà kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọ̀gá mi kò tíì dárúkọ Òkè-Àfà rí, mo sì rò pé kò mọ nǹkan kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, alága pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọgbà wa. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń lọ, pé òun á wá wo ibẹ̀ fúnra òun lọ́jọ́ Jímọ̀. Alága mọ ọ̀gá mi lójú láyé àtijọ́. Mo wo ọrùn ọwọ́ mi. Kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án, a fẹ́ fa ọ́ìlì jíà mọ́tò kan. Òfin olùkọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ láìfi ẹsẹ̀ irin gbè é, pé jáàkì kì í ṣe ohun tí à ń fọkàn tán. Ṣùgbọ́n wọ́n pe olùkọ́ sí ọ́fíìsì, ọ̀gá mi sì fi ẹsẹ̀ ti àwọn ẹsẹ̀ irin náà sẹ́yìn. "Kí ìyá ẹ tó bí ẹ la ti ń fi jáàkì nìkan ṣe é," ló wí, ó sì ra wọ abẹ́ ọkọ̀. Àwọn yòókù wà ní ìdí ẹ̀rọ kejì, wọ́n ń pariwo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì nìkan ni mò ń wò, ọ̀kan gún, ọ̀kan wọ́.

Mo gbá ọ̀pá jáàkì mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń bo ara rẹ̀. Kì í ṣe pé mo kàn rò ó. Mo yí ọ̀pá náà. Jáàkì mí kanlẹ̀, ọkọ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.

Ohùn kan ti abẹ́ wá, kò le, kò gbọ̀n. "Ìwọ."

"Sà."

"O ti pa mí lẹ́ẹ̀kan ní Òkè-Àfà. Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ò tó ni?"

Ọ̀pá jáàkì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹnì kan tó ń ta páàtì mọ́tò rí mi lọ́jọ́ tí mo dé láti Ìsẹ́yìn, ó fẹ́ ki eré mọ́lẹ̀. Ó ní òkú ni mí nínú ọgbà yín. Mo ní ta ló pa mí, ó ní ìwọ ni. Tó o bá fẹ́ já ọkọ̀ yìí lé mi, já a lẹ́ẹ̀kan náà. Má fi mí sí agbede méjì. Orúnkún yìí ti sú mi."

Mo yí i padà. Mo fa jáàkì sókè, mo ń fà á bí ẹni tó ń fa omi pa iná, mo ti àwọn ẹsẹ̀ irin sábẹ́ ọkọ̀, méjì, mẹ́rin. Ó ra jáde, ọ́ìlì kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó dìde, ó sì gbá mi létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí mo fi rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án. "Lọ sọ fún wọn fúnra ẹ," ló wí. "Kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé." Olùkọ́ wọlé lásìkò náà, ó rí àwọn ẹsẹ̀ irin náà, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti ń gbọ́ràn."

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀, nínú ìpàdé ẹgbẹ́. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ fi bà mí. Wọ́n fi sípánà lù mí, wọ́n fi bàtà lù mí, ẹni tó ra mínírà fún mi kìjọ́sí ló fọ́ mi ní egungun ìhà. Alága ní kí wọ́n gbé irin ńlá wá. "Ẹsẹ̀ wo lo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dì mú?" ló bi mí. "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń dì í." Ẹni tó bọ́ síwájú láti dì í mú ni ọkùnrin tó ń kun mọ́tò, ó fi ọwọ́ òsì dì í, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́. Mo mọ̀ pé ó tọ́ sí i.

Òòlù ti wà lókè nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń tiro. Bẹ́ẹ̀ mo ti sọ fún wọn pé baba náà wà láàyè o, síbẹ̀ ẹni méjì sá wọ inú mọ́tò. Ọ̀gá mi kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ọwọ́ mi lórí irin.

"Alága, ọwọ́ yẹn jẹ mí ní gbèsè ìsìn ọdún méjì," ló wí. "Tí ẹ bá fọ́ ọ, kí ló máa fi sìn mí? Ẹsẹ̀?"

Alága ní, "Bàbá, ó fi irin búra lórí irọ́."

"Irin ti gbọ́. Irin mọ bó ṣe ń gba tiẹ̀. Èmi, ọdún méjì mi ni mò ń béèrè."

Mo fi ọwọ́ kejì fa sàtífíkéètì ìdajì ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ fún wa yọ lápò, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín, mo ní bóyá ìwé yìí lè dúró fún mi. Alága rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé kò lọ́wọ́ tí yóò gbé lé ènìyàn lórí. Ó wá kọjú sí ọ̀gá mi. "Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ yín kò ju èyí lọ? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ báyìí, ká fi ẹ̀ẹ̀kan parí ẹ̀."

Ọ̀gá mi wò mí. Ọkọ̀ ojú irin ìbá ti kọjá tán kó tó dáhùn. "Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ," ló wí.

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sì sìn ín fún ọdún méjì lábẹ́ àtíbàbà kékeré tó ṣe sí Òṣòdì, èmi ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ti wọ yunifásítì. Mo ń gbálẹ̀, mo ń ra ẹ̀wà fún un, àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń díbọ́n pé àwọn kò rí mi. Nígbà tó pé, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, mo sì padà sí Òkè-Àfà.

Mo ti ju ọjọ́ orí rẹ̀ ìgbà náà lọ báyìí. Wọ́n máa ń pè mí sí ibùdó Ìsọlọ̀ yẹn kí n wá bá àwọn tuntun sọ̀rọ̀, wọ́n á sì bi mí léèrè ohun tó ṣòro jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kọ̀ǹpútà ni. Ohun tí n kì í sọ ni pé ní gbogbo ọdún méjì yẹn, baba náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ọkọ̀ sókè fún òun. Láràárọ̀, yóò gbé ọ̀pá jáàkì lé mi lọ́wọ́, yóò tẹ́ páálí sílẹ̀, yóò sì ra wọ abẹ́ ọkọ̀ láìwojú mi. Àwọn ẹsẹ̀ irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Yóò dúró títí mo bá fi tì wọ́n wọlé, ìkíní, ìkejì, kó tó sọ pé kí n gbé sípánà wá.