Orúkọ Ìbora Tó Fẹ́ Tú Ẹgbẹ́ Wa Ká

Ẹgbẹ́ wa kù díẹ̀ kó tú ká lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde síta, èmi akọ̀wé rẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ tú u.

Àwa mẹ́rin tí à ń kàwé gboyè kejì la dá a sílẹ̀ ní Ifangni. Iṣẹ́ wa ni ká máa wádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀, ìtìjú ló sì bí ẹgbẹ́ náà. Bí àwọn alábàárù ọjà Igolo bá ti rí wa, wọ́n á ní, "Abéèrè-má-padà ti tún dé o!" Wọn ò parọ́. A máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, a ó kọ ọ́ ní Faransé, ó parí. A wá pinnu pé kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìwé rẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́, yóò kọ́kọ́ kà á ní Yorùbá fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

Tèmi ló kọ́kọ́ kàn, ní Ko-Koumolou, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo kà á dé ibi tí obìnrin kan ti sọ pé, "Ọkọ mi ò mọ ìgbà tí à ń gbin ẹ̀gẹ́. Èmi ni mò ń sọ fún un, á wá máa ṣe bí ọ̀gá níta." Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, torí náà mo fi orúkọ ìbora pè é ní Ìyá Ṣàkírù, orúkọ tó kàn wá sí mi lọ́kàn.

Àṣé Ìyá Ṣàkírù kan wà ní ìlà iwájú, ọkọ ẹ̀ sì jókòó tì í.

Bàbá Ṣàkírù dìde. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi?" Ìyàwó ẹ̀ ń búra, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà gan-an ń wò mí láàárín èrò, ọkọ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí mo bá dárúkọ ẹ̀, mo dalẹ̀. Bí mi ò bá dárúkọ ẹ̀, mo ti da ilé onílé rú.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣàṣìṣe. Èmi ni mo hùmọ̀ orúkọ yẹn, kì í ṣe ìyá yìí ló sọ ọ́."

"Ta wá ni?"

"Mi ò lè sọ, Bàbá. Mo ti ṣèlérí fún un."

"Kódà bí mo bá ní kí ẹgbẹ́ yín má tẹ ilẹ̀ ìlú yìí mọ́?"

"Kódà bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Voilà, bó ṣe yẹ nìyẹn! Ẹnu ọmọ yìí ní ìlẹ̀kùn. Wá lọ́la, èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí màá sọ."

Ara tù mí débi pé mi ò tètè rántí dìde.

Lọ́dún yìí, mo gbé ìwé ẹgbẹ́ lé akọ̀wé tuntun lọ́wọ́. Òfin tó wà lójú ewé kìíní ni pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni yóò yan orúkọ ìbora rẹ̀ fúnra rẹ̀. Akọ̀wé náà, tó ti gbọ́ ìtàn ọjọ́ náà, kà á, ó ní, "Àǹtí, ta tiẹ̀ ni obìnrin tó sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ yẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó ṣí ojú ewé kejì. Obìnrin náà wà láàyè, ẹ̀gẹ́ wọn ń ta dáadáa, ọkọ ẹ̀ sì ṣì gbà pé òun ni ọ̀gá oko.