Ọmọ Mi Tó Ń Kọ Púrógíráàmù, àti Kànga Bàbá Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nílé wa ní Tafo, nílùú Kùmásì. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, àwọn ọdún náíńtíìsì ni. Síbẹ̀, bí mo bá ti rántí rẹ̀, orí mi á wú.

Kókó ni mò ń tà nígbà náà, ẹ̀kọ jéró mímu tó ní ata àti atalẹ̀. Omi kànga àgbàlá wa ni mo fi ń sè é, kànga tí bàbá àwọn ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kó tó kú.

Rónkẹ́, ọmọ mi obìnrin, kàwé débi tí mi ò lè bá a dé. Ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan tó ń mójú tó omi àti ilẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Ó ní òun ń kọ púrógíráàmù.

Ha, mo mọ̀ ọ́n! Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n kọ orin, àdúrà àti ìwàásù sí? Gbogbo ẹni tó wá ra kókó ni mo ń sọ fún.

Ẹ sì mọ Kùmásì! Kò sí ìsìnkú tí wọn kì í tẹ ìwé púrógíráàmù fún. Kò pẹ́ ni Maame Yaa, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ wà lókè tiwa, gbé fọ́tò wọlé. Arákùnrin ìyá rẹ̀ ló kú.

"Ìyá Rónkẹ́, bá mi bẹ ọmọ rẹ. Kó fi fọ́tò yìí síwájú, kó má sì gbàgbé orúkọ ìyàwó kékeré o, kí ìjà má bẹ̀rẹ̀ níbi òkú!"

Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Màámi, ẹ ti pa mí!"

Ó ṣàlàyé fún àwa méjèèjì pé àṣẹ ni òun ń kọ fún kọ̀ǹpútà, lẹ́sẹẹsẹ, bí mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kókó pé kó kọ́kọ́ rẹ jéró, kó lọ̀ ọ́, kó sẹ́ ẹ, kó tó gbé e kaná. Ó ní tòun máa ń sọ ibi tí ìdọ̀tí inú ilẹ̀ máa gbà dénú omi.

Maame Yaa lanu. "Ei! Ó mọ abẹ́ ilẹ̀? Kó wá sọ ohun tó ń rùn nínú kànga mi nígbà náà!"

Òótọ́ ni. Kànga rẹ̀ ti ń rùn bí ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni Kofi fítà tó ń tún mọ́tò ṣe wà, ẹni tó kúrò ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹ́káníìkì, wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Inú kòtò ló ń da ọ́ìlì mọ́tò tó ti lò tán sí. Kofi ní irọ́ ni, pé ilẹ̀ ń mu ọ́ìlì ni, ọ́ìlì kì í rìn.

Rónkẹ́ gbé okùn tí wọ́n sàmì sí lára wá, ó wọn bí omi ṣe jìn tó nínú gbogbo kànga àdúgbò. Àwọn ènìyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ṣé kànga ló wá kú báyìí, tí ọmọ mi ń wọn pósí fún?

Nígbà tó ṣe, ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì. Àpótí kan bíi tẹlifíṣọ̀n, àdúgbò wa wà nínú rẹ̀! Kànga kọ̀ọ̀kan ní àmì róbótó. Ilà kan, ọ̀nà tí ọ́ìlì máa gbà, ti ṣọ́ọ̀bù Kofi jáde, ó gba ọ̀dọ̀ Maame Yaa, ó forí lé títì níbi tí kò sí kànga kankan. Rónkẹ́ ní ká dúpẹ́, pé tiwa bọ́.

Mo wò ó, mo tún un wò. "Rónkẹ́, odò ńkọ́?"

"Odò wo, Màámi?"

Mo ní odò tí a ti ń fọṣọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Ó ń gba ẹ̀yìn ilé Maame Yaa, ó wá yà sọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí i kí wọ́n tó bí Rónkẹ́, wọ́n kọ́lé lé e. Òkúta wẹ́wẹ́ odò náà ni bàbá rẹ̀ bá pàdé nígbà tó ń gbẹ́ kànga, ìdí nìyẹn tó fi tètè kan omi.

Rónkẹ́ fà mí sún mọ́ àpótí náà. Ó ní kí n fìka tọ́ ibi tó gbà. Èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kejì! Mo fà á lórí gíláàsì, ó ń tẹ nǹkan tẹ̀lé mi. Ó pẹ́ díẹ̀. Ni ilà yẹn bá yí orí padà lójú mi. Kò lọ sí títì mọ́. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dúró sórí àmì kànga wa.

Mo fa ìka mi kúrò lórí gíláàsì. Kí ni mo fẹnu ara mi sọ yìí? Kànga ọkọ mi!

"Màámi, ẹ̀rọ lè ṣìnà o," Rónkẹ́ ní. "Àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́, òjò tó ń bọ̀ yìí ló máa gbé ọ́ìlì náà dé."

Omi náà mọ́ gaara, kò rùn. Ta ni yóò bo irú kànga bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọmọ kún àgbàlá wa, gbogbo wọn ló ń mu ún. Mo gbé páànù bò ó, mo gbé òkúta lé e. Àwọn ayálégbé fárígá: "Ìyá Rónkẹ́, ṣé kọ̀ǹpútà ló máa pọnmi fún wa?" Èmi náà ń lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi, kókó mi ń pẹ́ jinná, àwọn oníbàárà ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Òjò rọ̀, ó rọ̀, ó dá. Mo ṣí páànù níwájú gbogbo wọn, mo fa korobá kan sókè.

Ojú omi náà ń dán bí ọrùn ẹyẹlé! Ó lẹ́wà, kí n má purọ́. Òórùn ẹ́ńjìnì sì bò wá. Ẹni tó ń bi mí nípa kọ̀ǹpútà gbé korobá rẹ̀, ó gba ọ̀nà ẹ̀rọ omi lọ.

Mo gbé omi náà lọ síwájú Kofi, mo ní kó bu mu. Ó wò ó títí. "Maame, ẹ má bínú. Mo ṣe bí ilẹ̀ ń mu ún ni." Láti ọjọ́ náà, inú dúrọ́ọ̀mù ló ń da ọ́ìlì sí.

A ò mu omi kànga yẹn mọ́. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ilé wa kan tó mu májèlé.

Rónkẹ́ ti fi iṣẹ́ náà rin ìlú púpọ̀. Ó ní kí òun tó kọ ohunkóhun, òun máa ń kọ́kọ́ wá àwọn ìyá àgbà rí. Apá ibi tí púrógíráàmù rẹ̀ ti ń béèrè ohun tí wọ́n mọ̀, "Odò ńkọ́" ló sọ ọ́! Ọ̀rọ̀ ẹnu mi, nínú kọ̀ǹpútà!

Maame Yaa ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni Rónkẹ́ máa kọ púrógíráàmù òkú òun. Mo ní ọmọ mi kì í kọ ti òkú, ti alààyè ló ń kọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí iṣẹ́ ọmọ yín kò bá yé yín, ẹ jókòó tì í, ẹ wò ó dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí ẹ mọ̀ yẹn ló kù kí iṣẹ́ náà pé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Odò wo ni wọ́n ti dí ládùúgbò yín, tí ẹ̀yin nìkan ṣì rántí ibi tó gbà? Ẹ sọ fún mi. Ẹ má sì sọ fún èmi nìkan.