Ọwọ́ Tí Wọ́n Tọ́ Sọ́nà

Láti Temple Hills títí wọ́n fi dé pápá béésìbọ́ọ̀lù ní Bowie, Tájù kò dákẹ́. Ó ń wa ọkọ̀, ó ń gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn lórí eré tí kò wò parí rí láyé rẹ̀. Ó ní kí Sufyan kí àwọn àgbà tó bá bá níbẹ̀, kó má gbó ẹnikẹ́ni lẹ́nu, kó sì ṣe Bísímílà kó tó ju ohunkóhun. Iṣẹ́ òru ló ṣe mọ́jú ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville, kò tíì sùn. Nọ́fíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, ló sọ fún un pé ọmọ tí wọ́n bá mú nínú eré yìí, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n á máa fi kí bàbá rẹ̀. Látìgbà náà ni eré ti kúrò ní eré lójú Tájù.

"Ẹ ṣé, sà," ni Sufyan ń dáhùn.

Ọdún 2006 ni. Ẹgbẹ́ kan tó ń fi béésìbọ́ọ̀lù jẹun ló pe ìdánwò gbogboogbò. Wọ́n ní kí ẹni tó bá lè ju bọ́ọ̀lù wá, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ti ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ jókòó sílé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Sufyan. Bí wọn ò bá mú un lónìí, wọn ò ní mú un mọ́.

Ọwọ́ òsì ni ọmọ yìí bá wáyé. Ní Ìbàdàn, òun ló fi mú ṣíbí àkọ́kọ́, òun ló fi ju òkò àkọ́kọ́ sí igi máńgòrò. Mọ̀ríámọ̀, ìyá rẹ̀, ya gèlè àtijọ́ kan, ó fi de ọwọ́ náà mọ́ ìhà rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí yóò sùn. Bí ọwọ́ náà bá já gbà, Tájù á fi rúlà gbá a léegun ìka. Àwọn ará ilé yìn wọ́n. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, wọ́n sì ní òbí tó bá fojú fo ìyẹn dá kò tọ́mọ. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ bàálù wá sí Amẹ́ríkà, ọmọ náà ti pé ọdún méje, ọwọ́ náà sì ti gbọ́ràn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ti kún pápá. Wọ́n lẹ nọ́mbà mọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n ní kí wọ́n sáré, wọ́n ní kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù. Aaron, òyìnbó àgbàlagbà tó ń ṣa àwọn eléré fún ẹgbẹ́ náà, jókòó sórí àga pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yá tó. Sufyan jù. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yá, ó sì gún régé. Aaron wo ẹ̀rọ, ó mi orí bí ẹni tó ń kí ẹni tó ń kọjá lọ.

Jesse, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, ló tẹ̀ lé e. Tirẹ̀ kò yá tó ti Sufyan, ọ̀kan tilẹ̀ lọ gbá ọgbà. Àmọ́ ọwọ́ òsì ló fi jù ú. Aaron dìde lórí àga.

Kò ya Sufyan lẹ́nu. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti mọ̀ pé ẹni tó ń fi òsì jù ṣọ̀wọ́n, pé ọ̀nà tí kò mọ́ ẹni tó ń fi igi gbá a lára ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbà wọlé. Kò sọ fún ẹnì kankan nílé. Ta ni ì bá sọ fún?

Ó lọ síbi ọgbà tí bàbá rẹ̀ dúró sí, ó gba ike omi, ó sì fi ọwọ́ òsì ṣí ìdérí rẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tí wọ́n gbàgbé láti kà léèwọ̀. Aaron tó ń kọjá rí i, ó dúró. Ó bi í pé ọwọ́ wo ló bá wáyé.

Tájù ló dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn.

"Òsì ni, sà. Ọwọ́ náà lágídí gan-an ni. Ṣùgbọ́n a tètè tọ́ ọ, kò lò ó mọ́."

Aaron ké sí Jesse. Ó wá yá ìbọ̀wọ́ Jesse, èyí tí wọ́n ń wọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, fún Sufyan, ó ní kó fi òsì jù.

Apá náà gòkè. Èjìká mọ ọ̀nà, ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà, ìbàdí yí bí ó ṣe yẹ kó yí. Aaron ṣíwọ́ jíjẹ ṣingọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìka ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù já sí àárín ọ̀nà, ó sì ń yí lọ. Ó tún un jù, bákan náà ni. Ìkẹta bọ́ síwájú bàtà rẹ̀. Jesse rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí ojú Sufyan, ó gbé ojú kúrò.

"Ìgbà tó o wà lọ́mọ ọdún márùn-ún ló yẹ ká ti pàdé," ni Aaron wí. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó gba ìbọ̀wọ́, ó lọ.

Wọ́n pe orúkọ Jesse àti àwọn mélòó kan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Wọ́n dé ìdí ọkọ̀ kí Tájù tó béèrè bóyá òyìnbó yẹn fẹ́ fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Òsì ni wọ́n ń wá, Dádì."

Tájù dúró. Ó wo pápá, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ta ni ì bá mọ̀?" ló wí. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n o ò lè máa fòsì jẹun níwájú èèyàn."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní oorun ń kun òun, kí Sufyan bá òun wà á. Ó nà án sí i.

Sufyan wo kọ́kọ́rọ́ náà. Nǹkan kan ṣoṣo ló fẹ́ ṣe: kó fi òsì gbà á, lójú bàbá rẹ̀, nínú oòrùn yìí. Ó pàṣẹ fún ọwọ́ náà. Ọ̀tún ló jáde, òsì sì wá gbé e nídìí láti ìsàlẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Kó tó mọ̀, ó ti tẹrí ba.

"Ẹ ṣé, sà," ni ẹnu rẹ̀ wí.