Sikirat àti Àwọn Ẹran Wẹ́wẹ́ Inú Adágún

Nígbà tí Sikirat kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú omi tó ti ń mu láti kékeré, ńṣe ló fò sẹ́yìn, tó sì gbá àpótí ìjókòó tìṣà dànù.

"Bísímílláì! Wọ́n ń sáré!"

Ọdún 1971 ni. Sikirat, ọmọ Sànúsí apẹja, ará Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo, ti lé ní ogójì ọdún, ó sì ti bí ọmọ mẹ́rin. Òun nìkan ni obìnrin tó ń tukọ̀ lórí adágún tó wà lẹ́yìn ìlú, nítorí bàbá rẹ̀ kò bí ọkùnrin; òun ni bàbá náà fi àjẹ̀ lé lọ́wọ́. Adágún ọ̀hún fẹ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n kò jìn. Níbi tó jìn jù, omi kò kọjá àyà àgbàlagbà. Wọn a máa gbọ́ ẹ̀rín Sikirat ní èbúté kejì kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ.

Cornelius ló gbé ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá. Tìṣà sáyẹ́ǹsì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, géńdé tínínrín kan tó ń sọ "ulé" níbi tí ará Òṣogbo ti ń sọ "ilé". Ó ń kàwé sí i ní yunifásítì, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún un ni kó wá wo àwọn ẹran wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú adágún, kó mọ ohun tó ń mú wọn pọ̀ àti ohun tó ń mú wọn dín. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Sikirat ń tù ú lọ, tó ń tù ú bọ̀. Ojú àwọ̀n tìṣà kéré débi pé gààrí Ìjẹ̀bú kò lè gbabẹ̀ kọjá.

"Tìṣà, kí lẹ fẹ́ fi èyí mú?"

"Ẹran omi ni, Ìyá Àmínù. Wọn ò tó orí abẹ́rẹ́."

Sikirat rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Ó ti gbà pé ìwé ti pọ̀ jù lórí ọmọ ọlọ́mọ, àfi ọjọ́ tí tìṣà gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, tó ní kó fi ojú kan sí i. Ọ̀kan ń ta pọ́ún pọ́ún, ó ń fi apá méjì tukọ̀ ara rẹ̀. Òmíràn olójú kan gbé àpò ẹyin méjì kọ́ ìdí. Ẹ̀kẹta mọ́ gaara bíi dígí.

"Àpìkẹ́! Raliat!" Ó ń ké sí àwọn tó ń fọṣọ létí omi. "Ẹ sáré wá! Ó lóyún! Mo ń wo ọmọ nínú ikùn ìyá rẹ̀!"

Láti ọjọ́ náà, kò kí Cornelius tán kó tó béèrè pé, "Àwọn èèyàn wa ńkọ́?" Cornelius sì ń ṣàlàyé. Bí ọ̀gbàrá bá gbé ẹrẹ̀ wọlé, oòrùn kò ní í ríbi wọnú omi, ewé tíntìntín tí wọ́n ń jẹ yóò dín, àwọn náà yóò sì dín. Bí ẹ̀rùn bá mú omi tòrò, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ewé ẹ̀fọ́, wọn yóò pọ̀ bí eṣú. Bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá jà, yóò ru ìsàlẹ̀ sókè, torí adágún kò jìn. Gbogbo àwọ̀ omi yìí ni Sikirat ti mọ̀ tipẹ́. Ìdí rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ní 1973, òjò kọ̀, kò rọ̀. Adágún súnkì. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwọn ẹran tó tóbi díẹ̀ kò wọ àwọ̀n mọ́. Cornelius fajú ro, ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti kú tán.

"Ta ló kú?" ni Sikirat wí. "Ẹja kún àárín omi bí èrò Old Garage. Ṣé ẹ̀yin á dúró ní gbangba kí wọ́n gbé yín mì?"

Ó yí ọkọ̀ padà sí etí omi níbi tí ojú oró tẹ́ bí ẹní.

"Ewé á dí àwọ̀n mi, Ìyá Àmínù."

"Ẹ di àwọ̀n yín mú."

Ó fi igbá bu omi lábẹ́ ewé, ó ń dà á sínú àwọ̀n, igbá kan, igbá méjì, títí ó fi pé ogún. Cornelius gbé ìgò sókè sí oòrùn. Omi inú rẹ̀ ń hó fún ẹran! Wọ́n ń fò, wọ́n ń yí, wọ́n ń kọlu ara wọn.

Tìṣà hó yèè. Sikirat dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Tìṣà náà dìde. Ọkọ̀ dojú dé.

"Ìgò ńkọ́?" ni Sikirat kígbe, ojú oró lórí rẹ̀ bíi fìlà.

"Ó wà lọ́wọ́ mi!"

Wọ́n nàró. Omi kò kọjá ìbàdí wọn. Àwọn tó ń fọṣọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú ẹrẹ̀.

Yunifásítì gba iṣẹ́ Cornelius, orúkọ Sikirat sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ tán níbẹ̀, ó tún sọ ọ́ nínú ọkọ̀ èrò nígbà tó ń padà bọ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí àwọn ẹran náà ṣe ń tukọ̀ ara wọn. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa wọ Òṣogbo, èrò mẹ́ta ti kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n sọ̀ sí. Wọn ò bínú. Wọ́n ní kí Sikirat ṣáà mú àwọn lọ sí adágún náà.