Òróró Lórí Ẹsẹ̀ Irin

Láti ọjọ́ tí Àwòdì, ọmọ rẹ̀, ti ṣubú ni inú ti ń bí Ìyá Sípánà, inú náà kò sì rọ̀. Ó ń bá a jí láàárọ̀, ó ń bá a jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́, ó sì ń bá a kúnlẹ̀ nígbà àdúrà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé kì í ṣe onínúfùfù tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kọ́ lọ́rùn, tí wọ́n tún wá ń tọrọ àforíjì fún un lọ́dọ̀ Ọlọ́run lójú gbogbo ayé, kí ni kó fi inú tirẹ̀ ṣe?

Síkéètì ni obìnrin yìí ń tún ṣe, pátákó pẹlẹbẹ tó ní táyà kéékèèké nísàlẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Yàrá kan ló fi ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti òkè wá. Agolo mílíìkì òfìfo ló to ẹrù sí: róbà líle nínú ọ̀kan, róbà rírọ̀ nínú òmíràn, nọ́ọ̀tì, wáṣà, bíárìn, kálukú nílé tirẹ̀. Irin méjì tó so táyà mọ́ abẹ́ pátákó, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní tírọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ ni òun ń pè é.

Bí oníbàárà bá wọlé, kì í kọ́kọ́ wo pátákó. Ẹni náà ló máa ń wò láti òkè délẹ̀ bí ìyá ọkọ tó ń wo ìyàwó tuntun, á ní kó rìn lọ, kó rìn bọ̀. Ẹni tó bá wúwo, róbà líle ló máa fi sẹ́sẹ̀ pátákó rẹ̀. Ẹni tó bá fúyẹ́, róbà rírọ̀, nítorí ẹni fúyẹ́ tó gun róbà líle dà bí ẹni tó jókòó lórí àga, kò ní lè yà síbì kan. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó pátákó gẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá rẹlẹ̀ jù, bí wọ́n bá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà á bu pátákó jẹ, pátákó á dúró gbagidi, ẹni tó gùn ún nìkan ni kò ní dúró. Bí wọ́n bá gbé èyí tó ti gbó wá, á dì í mú létí, á mì í. Bó bá gbọ́ kò-kò-kò, ó ti mọ̀ pé ife róbà tí imú ẹsẹ̀ máa ń wọ̀ ti jẹ tán, á sì pààrọ̀ rẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwòdì ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹun ara rẹ̀. Eré ìje ló fún un lórúkọ yẹn: bó bá ti ń bọ̀ láti òkè, apá rẹ̀ máa ń là bí ti ẹyẹ tó rí òròmọdìẹ. Nígbà tí ìdíje ńlá ọdún yìí kù dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ tú pátákó náà palẹ̀ pátápátá. Ó fi róbà tuntun sí i. Ó mú ti iwájú rọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ, nítorí ẹsẹ̀ iwájú ló ń wá ọ̀nà, ti ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé e ni. Bí ẹ̀yìn bá rọ̀ ju iwájú, pátákó á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré bí ẹni ibà ń ṣe. Ó yí nọ́ọ̀tì títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ róbà fi yọ díẹ̀, ó dá a padà tín-ín-rín, ó wá fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé orí bóòtù. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á já. Ẹlẹ́rìí tirẹ̀ nìyẹn. Ó fi aṣọ di pátákó náà. Gbogbo ilé ló mọ òfin rẹ̀: bó bá ti dì í, ẹni tó máa gùn ún nìkan ló gbọ́dọ̀ tú u.

Lọ́jọ́ ìdíje, níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́nà láàárín òkè, ẹsẹ̀ tí Àwòdì fi tẹ iwájú pátákó fò kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá a. Apá rẹ̀ kán.

Díákónì ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀, nítorí ipò rẹ̀ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n télọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í parọ́, kì í pariwo. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde láti dúpẹ́ pé ẹ̀mí ọmọ òun kò lọ sí i. Ó yẹ kó jókòó níbẹ̀. Ó tún wá bẹ ìjọ pé kí wọ́n bá òun tọrọ ìdáríjì fún ọwọ́ tó tú nọ́ọ̀tì kọjá ibi tó yẹ, pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é, kì í ṣe àìbìkítà. Ìjọ ṣe àmín. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ Ìyá Sípánà. Ẹyin lohùn, èyí fọ́ sí aṣọ funfun.

Kò fèsì lọ́jọ́ náà, nítorí òun gan-an kò dá ara rẹ̀ lójú. Bóyá ó tú u jù lóòótọ́. Àwòdì náà ti sọ fún un lórí ibùsùn pé, "Màmá mi, ẹ tú u jù," ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn ún ju ti ìjọ lọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé pátákó wọn lọ. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní àwọn ti rí ẹni tó sún mọ́ ilé àwọn. Ọ̀kan tilẹ̀ ní àwọn ń gbàdúrà fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ó sì ti ilẹ̀kùn débi pé agolo kan já bọ́.

Ọkọ rẹ̀ ti gbé pátákó náà pa mọ́ sẹ́yìn òkìtì aṣọ tó ń rán, pé kó má baà máa ba ọmọ lọ́kàn jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, Ìyá Sípánà wọ yàrá ìránṣọ, ó fà á jáde. Bó bá jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìlà funfun náà kò já. Kò yẹ̀, kò ṣẹ́ rárá, níwájú àti lẹ́yìn. Ó gbé e sójú fèrèsé, ó tún wò ó. Nọ́ọ̀tì wà níbi tó fi í sí.

Ó fi ìka ta táyà kan. Táyà tó yẹ kó máa kọrin fíìì fún ìgbà pípẹ́ yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó yọ ọ́. Inú bíárìn, irin róbótó tó ń mú táyà yí, ti di ẹrọ̀fọ̀ dúdú, eruku ojú ọ̀nà ló pò mọ́ nǹkan kan tó ń ki. Ó yí pátákó padà, ó fi àtàǹpàkò ra sánpépà tó bo ojú rẹ̀, èyí tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀ kí ó lè máa di bàtà mú. Níbi tí ẹsẹ̀ Àwòdì ń dúró sí níwájú, ó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀. Ó gbé e símú.

Ó mọ òórùn náà. Ìgò kékeré rẹ̀ wà lórí ibùsùn wọn, níbi tí ọkọ rẹ̀ ń gbórí sí. Òróró ólífì ni, èyí tí alàgbà ti gbàdúrà sí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ègé aṣọ. Láti kékeré ló ti gbà pé Ọlọ́run kì í jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ó ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kò tù ú nínú lọ́sàn-án yẹn. Ó wí jẹ́jẹ́ pé, "Olúwa, o ń wò ó nígbà tó ń dà á?" Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn látinú yàrá kejì. Lẹ́yìn náà ojú tì í, ó sì tún bínú pé ojú ń ti òun.

Nígbà tí Díákónì wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ìyàwó rẹ̀ kò kí i káàbọ̀. Ó bi í pé, "Kí lẹ dà sórí pátákó ọmọ yìí?"

Ọkùnrin náà wo pátákó, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Kò purọ́. "Òróró àdúrà ni. Kékeré ni. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ ìje, mo tú aṣọ tí o fi dì í, mo kán an sí táyà kọ̀ọ̀kan, mo wá fi ra ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yẹ̀."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Bí mo bá kán irú ẹ̀ sínú maṣíìnì ìránṣọ yín ńkọ́?"

Díákónì wo maṣíìnì rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń lé àwọn ọmọ kúrò nídìí maṣíìnì náà. "Á gan," ló wí.

"Ẹ mọ̀. Tiyín, ẹ mọ̀."

Díákónì fìdí lé àpótí. Ó ní, "Ìyá Àwòdì, mi ò kà á sí òróró. Àdúrà ni mo kà á sí."

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ká obìnrin náà lára lọ́jọ́ mìíràn, nítorí òun náà ti fi òróró yẹn ra iwájú àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara wọn gbóná, wọ́n sì ti sùn, wọ́n ti jí. Kò sọ ìyẹn. Ohun tó sọ ni pé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí ọkọ òun dìde níbi tó ti dìde ní ìjelòó, kó sọ ohun tó ṣe. Díákónì mi orí. Ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́: àwọn aláìsàn wà tí ìgò kékeré yẹn nìkan ni wọ́n gbé ọkàn lé, àwọn kan wà tí ìgbàgbọ́ wọn ṣì ń rákòrò, bí wọ́n bá gbọ́ pé òróró ló yọ ọmọ díákónì lẹ́sẹ̀, kí ni wọ́n máa rò? Orúkọ òróró náà á bàjẹ́.

"Òróró ní orúkọ," ni Ìyá Sípánà wí, "èmi ò ní?"

Kò pariwo. Àwòdì, tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ló sọ lẹ́yìn náà pé ohùn yẹn ba òun lẹ́rù ju ìṣubú lọ. Ó wọlé pẹ̀lú apá tí wọ́n dì mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ ra sánpépà náà, ó sì gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Mo ní ẹ tú u jù. Ẹ má bínú." Ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ sọ ọ́. Àbí ẹ fẹ́ kí n gun pátákó yìí kọjá níwájú pẹpẹ, kí wọ́n fojú ara wọn rí i?"

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Ọ̀sẹ̀ náà gùn. Ìyá Sípánà ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, abọ́ ló ń bá tábìlì sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Díákónì obìnrin gbọ́ pé ilé kò rọgbọ, ó wá làjà, ó ní kí ìyàwó àwọn fi sùúrù sí i, ohun tó ti kọjá ti kọjá, ṣé ó mọ̀ pé sùúrù ni bàbá ìwà. Ìyàwó dá a lóhùn pé òun gbọ́, mọ̀mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ kì í ní bàbá nìkan, òtítọ́ ni ìyá ìwà, ẹ bá òun wá a lọ. Ó fi kún un pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní òun ò tíì mu omi tí òun tọrọ. Wọ́n bu omi fún un, ó mu ún, ó lọ.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi dé, wọ́n jókòó, ó sì jọ pé Díákónì kò ní dìde. Wọ́n gba ọrẹ, wọ́n ṣe ìkéde. Ìyá Sípánà ti di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lórí itan, èèyàn á rò pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tí alàgbà fẹ́ ṣúre ìparí ni ọkùnrin náà nàró.

Ó ní, "Mo sọ níbí pé ìyàwó mi tú nọ́ọ̀tì jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo da òróró àdúrà sórí pátákó ọmọ wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni, òróró yẹn ló sì yọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Iṣẹ́ ìyàwó mi dáa."

Ó jókòó. Ìjọ kò ṣe àmín. Ẹnìkan wúkọ́. Alàgbà sáré dá orin, àwọn èèyàn sì dìde kọ ọ́ kíkankíkan, bí ẹni tó ń fi omi pa iná. Ìyá Sípánà dìde pẹ̀lú wọn ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Ó ti rò pé bó bá gbọ́ ọ, inú òun máa rọ̀. Ó gbọ́ ọ, inú kò rọ̀; ìbínú náà kàn rí àyè jókòó dáadáa ni.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti gbé pátákó rẹ̀ lọ sí ibòmíràn rìn wá pẹ̀lú ẹ̀rín pé òun á gbé e padà wá lọ́la. Ìyá Sípánà ní kó gbé e wá, kó sì lọ tò sẹ́yìn gbogbo àwọn tí kò gbé tiwọn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè iye tí wọ́n jẹ́. Ó ní kó wá kà wọ́n fúnra rẹ̀.

Wọ́n ń lọ sílé, Àwòdì ti ṣíwájú. Díákónì rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ?"

"Ó ń bí mi."

"Sí èmi ni, àbí sí Ọlọ́run?"

Obìnrin náà bá a rìn kọjá ìyípo ọ̀nà. Ó gbé gèlè rẹ̀ tó ń tú lé èjìká.

"Ẹ̀yin nìkan ni mo lè bá jà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."